Ìbéèrè Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Ìlú Mẹ́ta Nítorí Àyọ̀ká

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbọ̀n, kí ó wú u tán báyìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ sùn nílé ara rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní kì í ṣe ti ẹni tí ń tòògbé. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tí ó yìnbọn fún ẹfọ̀n kan, tí ẹfọ̀n kejì tí ó dúró tì í sì ṣubú lulẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un, ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni? Ó dára. Máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n fi díẹ̀ pamọ́, nítorí ibi tí a ń lọ yìí, a óò nílò rẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń wí, àìsàn kan wọ Olómitútù, ìlú wa. Ọmọ á jí láàárọ̀, á máa ṣeré. Kí oòrùn tó kan àtàrí, á ti máa bì, á máa ṣu omi gbuuru. Kí oòrùn tó wọ̀, wọn á ti máa fi ẹní dì í. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni a sin láàárín oṣù méjì. Èmi ni mo kà wọ́n. Àwọn olóyè wa kò kà wọ́n. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí ipò rẹ̀ gbà á láyè láti kéde ọ̀fọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ládùnjoyè, Aṣípa ìlú wa, dìde láàfin. Ọkùnrin náà ga, ohùn rẹ̀ dùn, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láyé rẹ̀ kí ó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní: "Kábíyèsí, ìbéèrè kan ni mo ní. Gbogbo agbo ilé ìlú yìí ni ó ti sin ọmọ. Kí ló dé tí ọmọ kankan kò kú ní ilé Ọdẹ́jìnmí?"

Gbogbo ààfin wò mí. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òótọ́ ni.

Aṣípa kò jẹ́ kí ó pẹ́. "Mo ti rí ìdáhùn rẹ̀. Àyọ̀ká, aya rẹ̀, ni ó ń pa wọ́n."

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyáálé Aṣípa, tí ó ti sin ọmọ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ni ó kọ́kọ́ figbe ta pé kí wọ́n mú un. Àwọn ìyá tó kù sì gbè é. N kò lè bínú sí wọn. Aṣípa ni mo bínú sí, mo sì ń bínú sí i títí di bí mo ṣe jókòó yìí, pẹ̀lú ọkàn tútù àti orí pípé.

Ọba kọjú sí mi. Ó ní: "Ọdẹ́jìnmí, ìwọ tí o máa ń fọ́nnu pé o mọ ojúlé àwọn iwin, lọ wá ohun tí ń pa àwọn ọmọ. Bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún bá pé tí o kò mú ìdáhùn mìíràn dé, a óò fá orí aya rẹ, a óò da eérú sí i, a óò sì lé e wọ igbó."

Ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí ìlú tí yóò gba obìnrin tí a fárí tí a da eérú sí. Igbó ni yóò gbé títí igbó yóò fi pa á.

Nígbà tí mo délé, Àyọ̀ká ti ń di oúnjẹ ìrìn-àjò mi.

Ó ní: "Bàbá Ìdògbé, bí ẹ bá pàdé iwin, ẹ má fọ́nnu. Ẹ bèèrè ọ̀nà."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò tíì gbọ́. Ìbọn yín lẹ ń wò."

Bí mo ṣe jáde nìyẹn. Ẹ má bi mí léèrè odò tí mo là kọjá àti òkè tí mo gùn. Ẹsẹ̀ ọdẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú kìíní tí mo bọ́ sí ni Ìlú Agbọ́mábèèrè. Iwin ni gbogbo wọn. Etí wọn gbòòrò bí ewé kókò, ẹnu wọn kéré bí ihò abẹ́rẹ́, olúkúlùkù wọn sì ru òkúta tí ó tó ọlọ. Wọ́n ń rù ú jẹun, wọ́n ń rù ú sùn, ìyàwó ń rù ú wọlé ọkọ. Ọrùn wọn ti rì sínú èjìká tán. Ilẹ̀ nìkan ni ojú wọn ń rí.

Mo kí adènà. Mo ní: "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, kí ni òkúta yìí wà fún?"

Ó ta gìrì bí ẹni tí ejò bù jẹ. "Ó bèèrè!"

Gbogbo ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ó bèèrè! Ó bèèrè!" Wọ́n sáré wá, wọ́n gbé òkúta kan lé mi lórí.

"Kí ni mo ṣe?" Wọ́n gbé ìkejì lé e. "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé orí yín pé?" Wọ́n gbé ìkẹta lé e. Ẹ wò ó, ènìyàn kì í mọ bí ìbéèrè ti pọ̀ tó lẹ́nu òun títí ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi òkúta kà á fún un. Kí n tó kọ́ láti pa ẹnu mọ́, mẹ́sàn-án ti pé. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, mo ń rìn bí alábahun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ru ẹrù yẹn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bèèrè, pé baba ńlá wọn kan ni ó gbé òkúta lérí nígbà kan láti fi lé ẹkùn. Ẹkùn náà ti lọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Òkúta ni kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo gbé ohùn sókè, mo ṣe é bíi ti Aṣípa wa gan-an. Mo ní: "Ẹ̀yin ará ìlú! Baba mi sọ fún mi, baba rẹ̀ sì sọ fún un, pé ọ̀sán òní ni kí gbogbo òkúta sọ̀kalẹ̀!"

Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé ẹnìkan fẹ́ bèèrè pé, "Baba rẹ wo?" Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni òkúta bá ń bọ́ gbì, gbì, gbì, tí ilẹ̀ ń mì. Ọrùn wọn yọ jáde díẹ̀díẹ̀, ojú wọn sì gbé sókè. Arúgbó kan tí kò rí òkè rí nawọ́ sí ojú ọ̀run, ó kígbe pé, "Kí nìyẹn?" Ẹ̀rù bà á lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ti bèèrè, kò sì sí òkúta tí ó bọ́ lù ú.

Èmi ti ń sá lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sá, mo ń ronú. Kì í ṣe òtítọ́ ni ó tú wọn sílẹ̀, irọ́ mi ni. Irú gbólóhùn kan náà ni ẹni tí ó gbé òkúta lé wọn lórí lò. Bí a bá ti kọ́ ènìyàn láti má ṣe bèèrè, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ṣáà ti lọ sókè ni ó ni ọrùn ẹni tí kò lè bèèrè. Ẹ̀yin olóyè tí ẹ jókòó sí iwájú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ ọ tán.

Ìlú kejì ni Ìlú Abèèrè. Ibi tí ìtìjú ti fẹ́ pa mí nìyẹn, nítorí mo kí ọkùnrin kan pé, "Ẹ káàárọ̀," ó dá mi lóhùn pé, "Àárọ̀ ta ni? Níbo ni àárọ̀ parí sí tí ọ̀sán fi bẹ̀rẹ̀?" Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí a tó kí ara wa tán. Wọ́n gbé iyán ka iwájú mi; kí n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ti bèèrè bóyá iyán tí a kò jẹ jẹ́ oúnjẹ. Iyán náà tutù, ó le, mo sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn pé oúnjẹ ni, nítorí mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òrùlé wọn ń jò, torí wọn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí òjò jẹ́. Gbogbo wọn ni ó tutù, gbogbo wọn ni ó ń gbọ̀n, inú wọn sì ń dùn.

Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè láyé pé kí ló dé tí òjò fi mọ ìgbà, ibẹ̀ sì ni àgbẹ̀ ti mọ ọjọ́ ìgbìn. Àwọn ni wọ́n bèèrè pé kí ló dé tí alágbára fi ń jàre nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ dídá ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, ní ìlú wọn, a kì í jẹ ẹnikẹ́ni níyà àfi tí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án bá sọ ìdí rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí òun náà sì fèsì. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí Àyọ̀ká, tí kò sí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun láàfin, omi sì bọ́ lójú mi.

Olórí wọn jẹ́ obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Arídìí. Mo ro ẹjọ́ mi fún un.

Ó mi orí. "Aṣípa yín gbọ́n o."

"Ìyá, ẹ má bú mi."

"Ọmọ mi, kí ló dé tí ọmọ kò kú ní ilé rẹ? Ìbéèrè ńlá ni. Inú mi ì bá dùn bí ó bá jẹ́ èmi ni mo bi í. Ìbéèrè rẹ̀ dára, ìdáhùn rẹ̀ ni ó ya ọ̀lẹ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àga, ó jókòó." Ó fà mí létí sún mọ́ra. "Nígbà tí o bá padà, bi í léèrè ọ̀kan yìí: kí ni ohun tí ó lè rí tí yóò fi gbà pé òun ti ṣì í? Kí o sì ti kọ́kọ́ bi ara rẹ."

"Ìyá, kí wá ni ó ń pa àwọn ọmọ?"

"Èmi? Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? A kì í fọwọ́ kan nǹkan níbí. Lọ bá àwọn àbúrò wa ní òdìkejì odò. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé nígbà kan rí. Kò sí ohun tí a kò lè ṣe nígbà náà. A jà, a pín ilé. Àwọn kó ọwọ́ lọ, ẹnu sì kù fún wa."

Odò náà kò ju ohun tí ènìyàn lè tutọ́ kọjá lọ.

Ìlú àwọn àbúrò náà ni Ìlú Awọnǹkan. Háà! Mo rí afárá onírin. Mo rí títì tí ó tọ́ bí okùn tí a fà le. Mo rí omi tí wọ́n ń sè kí wọ́n tó mu ún, àti àwọn ọmọdé tí ó pọ̀ bí eṣú, tí ó sanra, tí ń pariwo. Mo dúró láàárín wọn, mo sì sunkún. Adènà gba omijé mi sínú ìgò, ó wò ó, ó ní: "Ó fi ẹ̀kán méjì ju ti ẹni tó wá lánàá lọ."

Mo ní: "Ṣé ẹ ò ní bi mí ohun tí ó ń pa mí lẹ́kún ni?"

"A ti wọ̀n ọ́n ná."

Wọ́n wọ̀n mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì so nọ́ńbà mọ́ mi lọ́rùn. Mo sọ ìtàn ẹfọ̀n méjì mi fún wọn; wọ́n wọn ìbọn mi, wọ́n ní irọ́ ni. N kò fẹ́ràn ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn odi ìlú, mo rí àwọn arúgbó tí wọ́n jókòó sínú oòrùn. Wọ́n wọn agbára wọn, kò dé ojú ìlà, wọ́n sì kó wọn síta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìdajì ìlú náà wà, tí ó ti di eérú. Mo bèèrè ohun tí ó jó o. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ń tu iná ni àwọn kọ́.

"Kí ni ẹ kọ́ ọ fún?"

"Gígùn rẹ̀ jẹ́ ogójì ẹsẹ̀."

"Mo ní, kí ni ẹ kọ́ ọ fún?"

"Iná rẹ̀ ń dé igba ẹsẹ̀."

"Ta ni ẹ kọjú rẹ̀ sí?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ti bi wọ́n ní èyí rí. Ẹ̀yin ará mi, wọn kì í ṣe ìkà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí ì bá bi wọ́n léèrè wà ní òdìkejì odò, wọ́n ń jiyàn nípa òjò.

Olórí wọn, Baba Òṣùwọ̀n, ti fín ìlà ìwọ̀n sí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní: "To gbogbo ohun tí ilé rẹ ń ṣe tí ilé àwọn tó kù kì í ṣe."

Mo ronú. "Iṣu kan náà là ń jẹ. Ọjà kan náà là ń ná. Àfi ti omi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, aya mi àti ìyáálé Aṣípa jà ní odò Ẹlẹ́ja nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ pọn. Aya mi búra pé omi Ẹlẹ́ja kò ní kan ọ̀nà ọ̀fun òun àti ti ọmọ òun mọ́. Ó gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé. Adùn rẹ̀ dà bíi ti amọ̀. Mo ti ráhùn títí ó fi sú mi."

Baba Òṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín, ó sì wọn ẹ̀rín náà. "Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ omi, ó sì ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ẹ. Pín ìlú yín sí méjì. Jẹ́ kí apá kan máa mu Ẹlẹ́ja, kí apá kejì máa mu kànga. Má yí ohun mìíràn padà. Lẹ́yìn oṣù kan, ka òkú."

"Àwọn tí yóò máa mu Ẹlẹ́ja ńkọ́?"

"Àwọn ni a óò kà."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń ka ìlà ìka rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àyọ̀ká. Nígbà tí mo dé ibi pípín ìlú, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá Ìdògbé, ọmọ ta lẹ fẹ́ fi sí apá Ẹlẹ́ja?"

Mo ń wo ìbọn mi.

"Ẹ dárúkọ ọ̀kan."

"Orí rẹ ni mo ń gbà là, Àyọ̀ká!"

"Ẹ má fi orí ọmọ ọlọ́mọ gbà á. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tọpasẹ̀ ẹran tí ẹ kò rí? Ọmọ mọ́kànlélógójì ti kú, wọ́n sì fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ láti ilé dé ilé, ẹ bèèrè ohun tí olúkúlùkù wọn mu."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ti rin ìlú mẹ́ta; ilé mi ni mo ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó so ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn àbúrò. Mo fọ́nnu nípa ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tèmi.

Mo lọ láti ilé dé ilé fún ọjọ́ méjì. Wọ́n tutọ́ sí mi lára, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n fèsì. Ipasẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí yà mí lẹ́nu: àwọn ọmọ ńlá tí wọ́n lè sáré ni ó kú, àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọn kò lè gbé orí dúró wà láàyè. Ẹ̀yin abiyamọ mọ ìdí rẹ̀. Àgbo ni a ń fún ọmọ ọwọ́, a kì í fún un lágbo tí kò hó lórí iná. Ipasẹ̀ kejì gbé mi lọ sókè odò. Bí ọmọ bá kú ní Olómitútù, ìyá rẹ̀ á gbé ẹní àti aṣọ rẹ̀ lọ sí orísun Ẹlẹ́ja, níbi tí omi ti mọ́ jù lọ, á fọ̀ wọ́n fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yẹ ìkẹyìn tí a ń ṣe fún ọmọ nìyẹn. Láti orísun ni omi ti ń ṣàn wá sí ibi tí a ti ń pọn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n mú Àyọ̀ká wá síwájú ààfin. Abẹ wà nílẹ̀, igbá eérú wà nílẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí Aṣípa.

"Olóyè, ìbéèrè kan péré. Kí ni ohun tí ẹ lè rí tí ẹ óò fi gbà pé ẹ ti ṣì í?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí."

"Bí òkú ọmọ bá jí, tí ó ní omi ni ó pa òun ńkọ́?"

"Àjẹ́ ni yóò rán an."

N kò nílò láti fi ohunkóhun kún un. Gbogbo ààfin ti gbọ́ ọ: kò sí. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn ìyá, bí ìgbà tí oyin fẹ́ ṣí. Ni Àwẹ̀ró, aya kékeré Aṣípa, bá dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ dárí jì mí. Nínú ilé wa, ọmọ mẹ́ta ni ó kú. Tèmi tí ó wà lẹ́yìn mi yìí nìkan ni kò mu omi odò rí. Ìyáálé mi ni ó ń bá mi se àgbo rẹ̀. Bí àìkú ọmọ bá sọ ìyá di àjẹ́, ẹ mú èmi náà."

Ọba wo Aṣípa. Aṣípa tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní: "Kábíyèsí, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a kíyè sí omi."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ibi tí mo ní kí ẹ fi ẹ̀rín pamọ́ dè nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n lè parí ọ̀rọ̀ mi.

Ọba ní kí wọ́n gbé abẹ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má fọ nǹkan ní orísun mọ́, kí gbogbo ilé máa se omi. Àwọn ènìyàn hó yèè. Nínú ariwo náà ni Rẹ̀mílẹ́kún ti rìn wá sí àárín agbo. Ẹní ọmọ rẹ̀ kejì wà ní apá rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni ó ti fọ̀ ọ́ kí ìbànújẹ́ tó dá a dùbúlẹ̀, ó ku méjì. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí mọ́.

Èmi ni ó kọjú sí. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Bàbá Ìdògbé, nígbà tí àkọ́bí mi kú, mo fọ ẹní rẹ̀ ní orísun. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa ju gbogbo ènìyàn lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi ni mo pa á?"

Mo ti dé ìlú àwọn tí ń bèèrè, mo ti dé ìlú àwọn tí ń wọ̀n. Kò sí ẹni tí ó fún mi ní ohun tí mo lè fi dá obìnrin yẹn lóhùn. Mo wo Aṣípa, ọkọ rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Àyọ̀ká kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bọ́ sí àárín, ó gba ìdí ẹní náà mú, ó fi orí ẹní sílẹ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún.

Ó ní: "Ó ku ọjọ́ méjì kí o fọ̀ ọ́ tán, àbí? Iná wà nílé mi. Wá, ká jọ lọ sè é."

Àwọn méjèèjì gbé e lọ láàárín wa, a sì yà fún wọn lọ́nà. Ó yá, ẹ dìde, kí olúkúlùkù lọ wo ìkòkò omi ilé rẹ̀.